Aṣáájú Tí Ń Jẹun Kẹ́yìn: Àyẹ̀wò Òfin Eré Dota 2

Ẹjọ́ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí nílẹ̀ yìí: pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi òru ṣe ọ̀sán nídìí kọ̀ǹpútà, pé wọ́n ń bá ẹni tí ojú wọn kò rí rí jagun, wọ́n sì ń pariwo mọ́ ara wọn bí ẹni pé ilé ń jó. Àwa kò sọ pé ẹjọ́ náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ohun kan lẹ́bi, tàbí tí ó fẹ́ dá a láre, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ṣe kọ́ ọ. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀kan nínú àwọn eré wọ̀nyí, èyí tí a ń pè ní Dota 2, tí a sì tú u palẹ̀ bí alágogo ti ń tú aago, kí a lè rí ohun tí ń mú un ṣiṣẹ́.

Ohun tí a rí tó ohun tí à ń jókòó sọ. Eré náà jẹ́ ìwé òfin kan, tí a ṣe láti mú ẹni márùn-ún tí kò mọ ara wọn rí ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá. Bí a ti ń fi òfin mú ẹni tí kò mọ ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni, àwa orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀yà rẹ̀ sì pọ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun rẹ̀. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Blizzard gbé eré ogun kan jáde, ó pè é ní Warcraft III. Ó fi irinṣẹ́ sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ya pápá tuntun kí ó sì fi òfin tirẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2003, ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, tí ń fi Eul ṣe orúkọ, lo irinṣẹ́ yìí láti dá eré kan sílẹ̀ tí ó sọ ní Defense of the Ancients. Àwọn ènìyàn gé orúkọ náà kúrú sí Dota. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, àwọn mìíràn gbà á, wọ́n ń tún un ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìgba owó-oṣù, títí ó fi dé ọwọ́ ẹnì kan tí ayé mọ̀ sí IceFrog. Ilé-iṣẹ́ Valve, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, gba IceFrog síṣẹ́ ní ọdún 2009, ó sì gbé Dota 2 jáde fún gbogbo ayé ní oṣù keje ọdún 2013. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i: àwọn tí ń ṣeré ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin, ilé-iṣẹ́ ni ó wá jogún rẹ̀.

Pápá eré náà jẹ́ ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan tí odò là láàárín láti igun dé igun. Ẹgbẹ́ méjì ni ń bá ara wọn jà níbẹ̀, ẹni márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ń darí akọni kan ṣoṣo. Ní ibùdó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ancient. Ẹgbẹ́ tí ó bá wó ti ọ̀tá rẹ̀ ni ó borí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lọ láti ibùdó kan sí èkejì, ilé-ìṣọ́ wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, igbó sì wà láàárín wọn. Ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ọ̀wọ́ ọmọ-ogun kéékèèké ń jáde láti ibùdó méjèèjì, tí wọ́n ń tọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ láìsí ẹni tí ń darí wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀tá lè gbà wọlé, ẹni márùn-ún kò sì lè wà níbi gbogbo. Láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní ni òfin ti ń bi wọ́n léèrè pé: ta ni yóò lọ síbo?

Ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè rí ìyàtọ̀ kan. Nínú ayò, ihò 12 ni, ọmọ ayò 48 ni, gbogbo rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ohun tí ọ̀ta rí náà ni òpè rí, ìrònú nìkan ni ó yà wọ́n. Nínú Dota 2, òkùnkùn bo gbogbo ibi tí ojú ẹgbẹ́ rẹ kò bá dé. Ibi tí ẹnì kan nínú yín bá wà, gbogbo yín ni ẹ óò rí i. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá sí, ọ̀tá lè lúgọ síbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbin ohun kan sílẹ̀, bí òpó kékeré tí ó ní ojú, tí ń ṣọ́ àyíká rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Iye rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó gbìn ín kò rí èrè ńlá kan gbà, ṣùgbọ́n ojú tí ó gbìn ni àwọn mẹ́rin yòókù fi ń ríran.

Síbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ owó ni ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe òfin yìí ti hàn jù lọ. Owó wúrà ni akọni fi ń ra ohun ìjà. Láti rí owó, ó ní láti pa àwọn ọmọ-ogun ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lù wọ́n kẹ́yìn, tí ẹ̀mí bọ́ lára wọn lọ́wọ́ rẹ̀, ni owó náà ń bọ́ sí lápò. Bí ẹni méjì bá dúró sójú ọ̀nà kan, ohun tí ọ̀kan bá jẹ, èkejì kò jẹ ẹ́ mọ́. Owó kò lè kárí. Bí gbogbo wọn bá ń du ìwọ̀nba owó tí ó wà, gbogbo wọn yóò tòṣì pọ̀, ọ̀tá yóò sì wó ilé wọn.

Kí ni àwọn eléré ṣe sí i? Wọ́n fúnra wọn gbé àṣà kan kalẹ̀: wọ́n fi nọ́ńbà 1 dé 5 sí ipò wọn. Ẹni 1 ni ẹgbẹ́ ń bọ́, nítorí pé akọni rẹ̀ kò lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹun yó, kò sí ẹni tí yóò lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹni 5 ni ó ń jẹun kẹ́yìn. Òun ni ń gbin ojú sínú òkùnkùn, òun ni ń ra ohun tí ń tú àṣírí ọ̀tá, òun ni ń wo ọgbẹ́ ẹlòmíràn, òun náà ni ó sì sábà máa ń kú kí ẹni 1 lè rí àyè sá. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Valve sọ àṣà yìí di ara ètò eré: kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, eléré lè sọ ipò tí ó fẹ́ dúró sí. Báyìí ni àṣà ṣe di òfin, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí láwùjọ gbogbo. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó wàásù ìfara-ẹni-rúbọ fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Bí a ti ṣètò owó ni ó kọ́ wọn.

Bákan náà ni yíyan akọni rí. Akọni tí ó wà nínú eré náà lé ní 120, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn fún olówó àti tálákà. Nínú ìdíje ńlá, olórí ẹgbẹ́ méjèèjì a máa yan akọni ní tẹ̀léńtẹ̀lé, wọn a sì máa fi òfin de àwọn mìíràn. Èyí tí ẹnì kan bá mú, ẹnì kejì kò lè mú un mọ́. Èyí tí a bá fi òfin dè, kò sí ẹni tí yóò lò ó. Ẹgbẹ́ tí ó bá kó akíkanjú márùn-ún jọ tí gbogbo wọn ń fẹ́ jẹun, kò ní rí ẹni tí yóò ṣọ́nà. Ẹgbẹ́ tí ó bá kó olùrànlọ́wọ́ márùn-ún jọ, kò ní rí ẹni tí yóò wólé ọ̀tá. Agbára ẹgbẹ́ wà nínú bí ohun tí ẹnì kan kò ní ti jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ní.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018, nínú ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní The International. Ní ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdíje náà, eléré méjì fi ẹgbẹ́ OG ti Yúróòpù sílẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ náà, Johan Sundstein, ọmọ ilẹ̀ Denmark tí a mọ̀ sí N0tail, kó ìyókù jọ. Olùkọ́ni wọn, Sébastien Debs, ọmọ Faransé, padà di eléré. Wọ́n sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin Finland kan wọlé, Topias Taavitsainen, tí kò tíì dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò rí ìwé ìpè gbà. Ìdánwò tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n gbà wọlé. Ní oṣù kẹjọ, ní ìlú Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n na ẹgbẹ́ PSG.LGD ti Ṣáínà ní 3 sí 2, wọ́n sì gba ife. Àwọn márùn-ún kan náà tún gbà á ní Shanghai ní ọdún 2019. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú wọn. Ipò wo ni olórí wọn dúró sí? Ipò 5. Ẹni tí ń pàṣẹ ni ó ń jẹun kẹ́yìn. Àwa kò ní fi àlàyé kankan kún èyí. Ẹni tí ó bá ń gbé orílẹ̀-èdè wa yìí mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò ni ti ẹni tí ó ti ń pàdánù. Bí akọni bá kú, owó rẹ̀ dínkù, ẹni tí ó pa á sì ń gba owó. Bí a bá fi í bẹ́ẹ̀, olówó yóò máa lówó sí i, tálákà yóò sì máa jìn sí kòtò. Eré yóò ti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ìyókù á wá di ìyà lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn olùṣòfin eré náà ṣe àtúnṣe: ẹgbẹ́ tí ó wà lẹ́yìn, bí ó bá lè pa akọni ẹgbẹ́ tí ó wà níwájú, yóò gba owó tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àríwísí pọ̀. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni à ń jẹ níyà. Láìpẹ́, wọ́n dín in kù. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ń bá ara wọn fà ni èyí: báwo ni a óò ti ran ẹni tí ó ṣubú lọ́wọ́ láì sọ iṣẹ́ ẹni tí ó dìde di asán? Àwọn ọmọ wa ń jiyàn lé e lórí ní òru, wọn kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń sọ.

Kí á má ṣe rò pé ohun gbogbo ló dára níbẹ̀. Òfin tí ó so ẹni márùn-ún mọ́ra, òun kan náà ni ó ń bí ìbínú láàárín wọn. Níwọ̀n bí àṣìṣe ẹnì kan ti ń ba iṣẹ́ mẹ́rin jẹ́, èébú kì í jìnnà sí ẹnu wọn, pàápàá nígbà tí kò sí ẹni tí ó mọ ojú ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá fi ìjà sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, a kà á sí asánsá. Bí ó bá tún un ṣe léraléra, a óò kó o sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi borí níye ìgbà tí a dá fún un. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti fi ẹjọ́ lé àwọn eléré fúnra wọn lọ́wọ́: a óò fi ohun tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ṣe hàn wọ́n, wọn a sì sọ bóyá ó jẹ̀bi. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà lé orúkọ 90,000 kúrò, orúkọ tí àwọn ọ̀ta fi ń díbọ́n bí òpè kí wọ́n lè máa na àwọn òpè tòótọ́. Nítorí náà, ìjọba eré yìí ní àṣà, ó ní ilé-ẹjọ́, ó sì ní ìjìyà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò ní. Kò ní ìdìbò. Ibí ni ohun tí a ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn ti wúlò. Nígbà tí eré náà wà lọ́wọ́ Eul àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, láàárín àwọn eléré ni a ti ń ṣe òfin rẹ̀. Lónìí, bí Valve bá fẹ́ yí i padà, yóò yí i padà ní òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ akọni kan lè jí láàárọ̀ kí ó rí i pé agbára akọni náà ti lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ìdíje náà. Ní ọdún 2011, ní Cologne, ní ilẹ̀ Jámánì, mílíọ̀nù 1.6 dọ́là ni gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀. Láti ọdún 2013, ìdá mẹ́rin owó ìwé kan tí wọ́n ń tà fún àwọn olólùfẹ́ eré ń lọ sínú ẹ̀bùn náà, títí tí ó fi lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là ní Bucharest, ní ilẹ̀ Rùmáníà, ní ọdún 2021. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà yí ètò yìí padà, ẹ̀bùn sì wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3. Ó lè ní ìdí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fi eré náà jẹun?

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò gbàgbé òfin Richards ti ọdún 1946, tí àwọn aṣáájú wa bá jà nítorí pé a kọ ọ́ láì fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn tí yóò gbé lábẹ́ rẹ̀. Ó di ìgbà tí a tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìletò àti ìlú, tí ìpàdé gbogbogbòò sì jókòó ní Ìbàdàn ní ọdún 1950, kí òfin Macpherson ti ọdún 1951 tó jáde. A kò sọ pé eré àti ìjọba dọ́gba. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó bá mọ́ra láti ìgbà èwe rẹ̀ pé òfin ń wá láti òkèèrè, tí kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i, ẹ̀kọ́ búburú ni ó ń kọ́.

Jíjìnnà náà kì í sì í ṣe àkàwé lásán. Ẹ̀rọ tí ń darí eré yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni ó wà. Láti Èkó dé ibẹ̀ lé ní 4,000 kìlómítà, bí ẹyẹ bá ń fò ó. Ìmọ́lẹ̀ nínú waya onígíláàsì ń sáré bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ṣírò àlọ àti àbọ̀, àṣẹ ọmọ Èkó kò lè lọ kí ó sì bọ̀ kí ó tó ìdá 40 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Waya WACS, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012 tí ó sì ń tẹ̀ lé etíkun láti Gúúsù Áfíríkà dé Bìrìtìkó, gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò yìí kéré lójú ẹni tí ń ka lẹ́tà. Lójú ẹni tí ó fẹ́ lu ọmọ-ogun kẹ́yìn kí ọ̀tá tó lù ú, ó tó láti sọ ọ̀ta di òpè. Ọmọ wa lè mọ eré náà jù, kí ó sì pàdánù, nítorí pé ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé-ẹjọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ilẹ̀ Ṣáínà pàṣẹ ní ọdún 2021 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àṣejù eré sínú ìwé àwọn àìsàn tí ó fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilẹ̀ Éṣíà pàdé fún eré ìdárayá ní Hangzhou ní ọdún 2023, Dota 2 wà nínú eré tí a gba àmì-ẹ̀yẹ lé lórí. Ṣáínà yìí kan náà gba wúrà. Ta ni ó ṣe ipò kejì? Mòngólíà ni, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 4.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Ẹ mọ̀ pé ìjà kan lè gba nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, àti pé ẹnì kan kò lè dá a dúró pẹ́, nítorí ọ̀tá lè mú un bẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọ tí ẹ pè tí kò dáhùn kíákíá, ó lè jẹ́ pé ẹni mẹ́rin ni ó gbójú lé e. Èyí kò sọ àìgbọ́ràn di ìwà rere. Ìwé rẹ̀ àti oorun rẹ̀ ṣe pàtàkì ju odi ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ìjà mélòó, ní ọjọ́ wo, di aago mélòó. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: ipò wo ni o dúró sí? Ta ni ó jẹun kẹ́yìn? Bí wọ́n bá fi òfin lé ọ lọ́wọ́, èwo ni ìwọ yóò yí padà, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Eul kò ní ilé-iṣẹ́, IceFrog kò gba owó-oṣù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀; kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti èrò ni wọ́n ní. Ọmọ Nàìjíríà tí ó lè ṣàlàyé ìdí tí a fi dín owó ẹni tí ó kú kù, ó lè kọ́ láti ṣe òfin eré tirẹ̀, ní èdè tirẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlú tirẹ̀. Ohun tí àwa ń béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé àti ìjọba ni pé kí wọ́n fi irinṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kí ó tó di àgbà. A ti pẹ́ tó nídìí ọpọ́n tí ẹlòmíràn gbẹ́. Ó tó àkókò kí á gbẹ́ tiwa.